Fàdákà Gidi àti "Silver" Ọjà: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Ká Tó Náwó

Ní ọjà Lọ́kọ́já níbí, tí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Màmá, gold lẹ fẹ́ àbí silver?" Ẹ fetí sí ìbéèrè yẹn dáadáa. Àwọ̀ ló ń béèrè, kì í ṣe irú irin tó jẹ́. Èyí tó ń pè ní gold lè jẹ́ idẹ lásán, èyí tó ń pè ní silver náà sì lè jẹ́ irin, níkẹ́ẹ̀lì tàbí alumíníọ̀mù. Ẹni náà ò purọ́. Àwa oníbàárà la máa ń gbọ́ silver, tá a máa túmọ̀ ẹ̀ sí fàdákà, tá a sì máa san owó fàdákà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà lẹ́yìn odi gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ilẹ̀ níbi tá à ń gbé, ọjà tá à ń tà ló sì gba gbogbo owó ọwọ́ wa. Ohun ọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú owó, torí ó ṣeé dì sápò ká máa gbé e lọ. Ẹ rántí ìgbà tí omi odò Ọya àti odò Benue kún bo ilé ní Lọ́kọ́já lọ́dún 2012, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Àpò kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ èèyàn rí gbé jáde. Lẹ́yìn ti 2022, obìnrin kan tá a mọ̀ kó gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó ti ń rà láti bí ọdún mẹ́wàá lọ bá ọkùnrin kan tó ń ra wúrà àti fàdákà. Òrùka méjì péré lọkùnrin náà gbé sórí ìwọ̀n. Ó dá ìyókù padà fún un, ó ní kó máa fi wọ aṣọ òde. Nítorí irú ẹ̀ la ṣe kọ èyí, kí ẹ lè fi pamọ́ sórí fóònù yín.

Kí ni fàdákà?

Fàdákà jẹ́ irin iyebíye tó funfun, tó sì rọ̀. Kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ó máa ń dúdú tí imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, inú ẹyin tàbí inú àlùbọ́sà bá kàn án. Iná tó gbóná dé ìwọ̀n 961 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń yọ́ ọ. Fàdákà tí kò ní àbùlà kankan rọ̀ jù, òrùka tí wọ́n bá fi ṣe á tètè tẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn alágbẹ̀dẹ fi máa ń pò ó mọ́ bàbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù káàkiri ayé ni èyí tí ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Òun làwọn òyìnbó ń pè ní sterling, òun náà ni òǹtẹ̀ 925 tí ẹ máa ń rí nínú òrùka ń tọ́ka sí.

Irin kan tún wà tó ń jẹ́ nickel silver, àwọn míì á pè é ní German silver. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀. Kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀, bó ti wù kó máa dán tó. Orúkọ nìkan ló yá lò.

Owó ni wọ́n ń yọ́

Láyé àwọn baba wa, fàdákà ò pọ̀ lágbègbè wa bí irin àti idẹ. Irin jẹ́ ti Ògún, idẹ jẹ́ ti Ọ̀ṣun, òjé sì làwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ ṣe òrùka fàdákà, owó ló máa wá. Ọ̀kan lára owó náà ni Maria Theresa thaler, owó fàdákà ńlá láti Austria tí àwọn oníṣòwò kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ ilẹ̀ Hausa àti Bornu. Ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 28, ìdá 833 nínú 1,000 rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Ọdún 1780 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, torí ọdún yẹn ni ọbabìnrin náà kú, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì ń kọ sára àwọn tí wọ́n ń rọ lẹ́yìn ikú ẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá dé, ṣílè bọ́ sójú ọpọ́n. Ọdún 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀, ṣílè tí wọ́n sì kọ́kọ́ kó jáde jẹ́ fàdákà 925, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní gíráàmù márùn-ún àti ààbọ̀. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú idẹ kan rọ ọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá bá ṣílè nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀ kí ẹ tó kó o fọ́mọdé ṣeré.

Àwọn Tápà ìlú Bídà

Àwọn tó sún mọ́ wa jù nínú iṣẹ́ yìí ni Tápà. Bídà wà ní ìpínlẹ̀ Niger, lókè odò wa níbí, àwọn tó ń sọ èdè Tápà sì pọ̀ ní Kogi pàápàá: Kupa, Kakanda, Bassa-Nge. Ṣebí ìtàn sọ pé ọmọ Tápà ni Tọ̀rọ̀sí, ìyá Ṣàngó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni pé àjèjì ni wọ́n sí wa. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ S. F. Nadel gbé láàárín wọn ní àwọn ọdún 1930, ó sì tẹ ìwé A Black Byzantium jáde lọ́dún 1942. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ idẹ àti fàdákà, àwọn alágbẹ̀dẹ irin àti àwọn Masaga tó ń fi dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ ṣe wà lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ń ṣe é lójú kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, bó sì ṣe rí níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ á kó fàdákà sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, á gbé e sáàárín èédú, ọmọṣẹ́ á máa fẹ́ ẹwìrì. Tó bá ti yọ́ tó ń yí gbirigbiri bí omi, á dà á sínú ihò gígùn kan kó lè dì bí ọ̀pá kékeré. Ìgbà yẹn ni òòlù á bẹ̀rẹ̀. Fàdákà ní ìwà kan: bí wọ́n ṣe ń lù ú ló ń le sí i, tí wọ́n ò bá sì dá a padà sínú iná kó rọ̀, ó máa là. Nítorí náà, ó di lílù, ó di iná, ó di lílù. Tó bá ti tẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ká a, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ iṣẹ́ ọnà sí i lára níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi omi kíkan fọ dúdú iná kúrò lára ẹ̀. Ẹ wo inú irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ojú òòlù. Méjì wọn kì í jọra pátápátá. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń jọra bí ìbejì tí wọ́n dáṣọ fún.

Ní Bídà òde òní, idẹ àti alumíníọ̀mù lẹ máa bá jù, torí owó fàdákà ti wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Idẹ Bídà gan-an lẹ́wà tó fún ẹ̀bùn ẹgbẹ́, ká ṣáà ti pè é ní idẹ ká sì san owó idẹ.

Àwọn tó jìnnà, tí ọjà wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà láti Èkó, ẹ máa gbọ́ "Thai silver" àti "Bali silver". Àwọn ibi méjèèjì wà lóòótọ́, ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, iṣẹ́ fàdákà wọn sì lórúkọ. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Thailand, àwọn ẹ̀yà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Karen máa ń fi ọwọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ẹja àti ewé fàdákà kéékèèké. Àwọn náà, owó làwọn èèyàn orí òkè yẹn ń yọ́ tẹ́lẹ̀: rupee ilẹ̀ Íńdíà, àti piastre tí Faransé ń ná ní Indochina, tí ìdá 900 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ẹ ò rí i pé bí ṣílè ṣe rí fún wa nìyẹn? Fàdákà Karen máa ń mọ́ ju 925 lọ, ó sábà máa ń wà láàárín ìdá 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ lọ́wọ́.

Ní ìlú Chiang Mai, àdúgbò Wua Lai ni àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà. Tẹ́ńpìlì Wat Sri Suphan wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọnà irin funfun ni wọ́n fi bo ara ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni fàdákà, alumíníọ̀mù wà níbẹ̀ púpọ̀, àwọn oníṣẹ́ náà ò sì fi pamọ́. Ní erékùṣù Bali ní Indonesia, abúlé Celuk ló gbajúmọ̀, wọ́n máa ń jó bíńtín bíńtín fàdákà bí ẹyin ẹja mọ́ ara òrùka.

Orúkọ ìlú ò lè rọ́pò òǹtẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni lè kọ "Thai" sára ọ̀rá. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Tibetan silver" tiẹ̀ burú jù: lọ́pọ̀ ìgbà, fàdákà ò sí nínú ẹ̀ rárá.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ kọ́kọ́ wá òǹtẹ̀ 925, tàbí 950, nínú òrùka tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ṣéènì ti ń há. Òǹtẹ̀ nìkan ò tó, torí wọ́n lè tẹ irọ́. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn: tó bá fà á, kì í ṣe fàdákà. Tí kò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀, torí idẹ àti irú irin kan tí kì í dípẹtà náà kì í tẹ̀ lé òòfà. Ẹ wo ibi tó ń gbo ara, bí inú òrùka àti ẹnu ìkọ́. Tí pupa tàbí yẹ́lò bá ń yọjú níbẹ̀, wọ́n kàn fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo bàbà tàbí idẹ lára ni. Tí owó náà bá pọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó fi omi ásíìdì yẹ̀ ẹ́ wò, kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ má béèrè "ṣé silver ni?" mọ́. Ẹ béèrè pé, "Mélòó nínú 1,000 ni fàdákà ẹ̀? Gíráàmù mélòó ni?" Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ méjèèjì sí rìsíìtì. Oníṣòwò gidi ò ní bínú. Ẹ̀gbà ọwọ́ 925 tó wọn gíráàmù 20 ní fàdákà gíráàmù 18 àti ààbọ̀ nínú. Iye yẹn lẹ máa fi bá ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá nílò, torí iye tí fàdákà ń lọ lágbàáyé máa ń yí padà lójoojúmọ́. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ san kì í sábà padà wá. Ẹni tó bá ń rà á torí ẹwà, kò burú. Ẹni tó bá ń rà á kó lè rí nǹkan gbára lé lọ́la, kó ra èyí tó wọ̀n tí iṣẹ́ ara ẹ̀ ò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì máa ń fa èéyún àti èélá sí ara àwọn kan. Tí etí ọmọ bá ń yún tó sì ń ṣomi lẹ́yìn tí ẹ fi yẹtí tuntun sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ má kàn máa fi òróró pa á.

Tí fàdákà bá dúdú, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Ẹ tẹ́ bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ sínú abọ́, ẹ da omi gbígbóná àti baking soda síbí ìjẹun kan sí i, ẹ rì í sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òkúta lára, ẹ má rì í. Ọṣẹ ìfọyín àti eérú máa ń họ ọ́ lára. Inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ni kí ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí, kí ẹ má sì fi rọ́bà tá a fi ń so owó so ó pọ̀, torí imí ọjọ́ wà nínú rọ́bà yẹn.