Ẹ̀rí Inú Ìgò: Ìtọ́jú Erùpẹ̀ fún Ìwádìí láti Rothamsted dé Muguga

Bí ìwé àtijọ́ bá tẹ òpìtàn lọ́wọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí wọ́n ti pa á mọ́ àti ọwọ́ tí ó ti kàn án. Ìbéèrè kan náà tọ́ sí erùpẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ fún ìwádìí. Lọ́nà kan, ìtàn kẹ́mísírì ilẹ̀ jẹ́ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ̀ pé erùpẹ̀ kì í dúró bí wọ́n ṣe bù ú.

Ní 1843, John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àlìkámà ní oko Broadbalk, ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríṣiríṣi ajílẹ̀ ni wọ́n fi sí abala oko náà, wọ́n sì ń tọ́jú irúgbìn àti erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Lónìí, ohun tí ó wà nínú àká náà ju 300,000 lọ.

Ní 1877, Schloesing àti Müntz fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ amóníà di náítíréètì: nígbà tí wọ́n lo klorofọ́ọ̀mù, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Warington tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà ní Rothamsted. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìwádìí kò kéré. Erùpẹ̀ tútù tí a dì sínú àpò ṣì ń ṣiṣẹ́. Náítíréètì inú rẹ̀ lè yí padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n. Gbígbẹ erùpẹ̀ ni ó ń dá iṣẹ́ yìí dúró.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ fúnra rẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Ní 1924, Lebediantsev, ará Rọ́ṣíà, kọ̀wé lórí bí gbígbẹ ṣe ń mú kí ilẹ̀ lọ́ràá. Ní 1958, H. F. Birch, tí ó ṣiṣẹ́ ní Muguga ní Kẹ́ńyà, ṣàlàyé pé bí omi bá kan erùpẹ̀ tí ó ti gbẹ, ìjẹrà inú rẹ̀ á ru sókè lójijì, náítírójìn á sì tú jáde. Ohun tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣe fún oko lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Òun náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike ìwádìí tí a bá bu omi sí erùpẹ̀ gbígbẹ. Mángáníìsì tí a lè yọ pẹ̀lú sábà máa ń pọ̀ sí i bí erùpẹ̀ bá ti gbẹ.

Nítorí náà, ìgò Rothamsted kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún gbogbo ẹjọ́. Ní 1987, àwọn olùwádìí fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ hàn pé kadimíọ̀mù ti pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ oko láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀rí yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé kadimíọ̀mù kì í jẹrà, kì í sì í fò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bi ìgò kan náà léèrè iye náítíréètì tí ó wà lóko lọ́jọ́ tí wọ́n bù ú, ìdáhùn tí yóò gbà kò ṣeé gbára lé. Erùpẹ̀ tútù tí wọ́n gbé sínú òtútù, tí wọ́n sì tètè yẹ̀ wò, ni ó lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí àkọlé ara ìgò fi ṣe pàtàkì tó ohun inú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bù ú, bí ihò ṣe jìn tó, bí wọ́n ṣe sá a, àti ajọ̀ tí wọ́n fi jọ̀ ọ́. Bí àkọlé bá sọnù, erùpẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti lọ.