Ọpọlọ ilé-iṣẹ́: láti Modicon 084 títí dé ọjọ́ tí Toyota dúró

Ẹ ń bi mí pé kí ni mò ń kà gan-an nílùú òyìnbó níbí. Ìdáhùn rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Kí ọdún 1968 tó dé, swíìṣì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní relay ni ilé-iṣẹ́ mọ́tò fi ń darí ẹ̀rọ, wáyà wọn kún inú kọ́bọ́ọ̀dù bámúbámú. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú mọ́tò tuntun, àfi kí wọ́n tú wáyà, kí wọ́n tún un so. Ó sú General Motors, pàápàá ẹ̀ka Hydramatic tó ń ṣe gíà ọkọ̀. Dick Morley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bedford, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló bá wọn wá nǹkan ṣe sí i: Modicon 084. (084 yẹn kò ní àwo kankan nínú o, iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin wọn ni.) Kọ̀ǹpútà kékeré tó lè fara da ooru àti eruku ni, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló ń gbé. Tí iṣẹ́ bá yí, ìtọ́ni inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa yí. Lójú tèmi, edge tí wọ́n ń pariwo lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ háyà fáwọn èèyàn láti òkèèrè. Cloud nìyẹn. Ó wúlò púpọ̀: ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri lè kó ìròyìn gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ jọ síbì kan, kó sì rí èyí tó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Apá róbọ́ọ̀tì tó gbọ́dọ̀ dúró torí pé èèyàn kọjá níwájú rẹ̀ kò lè máa retí èsì láti Virginia. Virginia náà sì ń ṣàìsàn: ní December 7, 2021, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amazon níbẹ̀ dàrú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó fi jẹ́ pé ẹrù tí àwọn fúnra wọn ń gbé fún oníbàárà dúró.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti Toyota. Ní August 29, 2023, ilé-iṣẹ́ wọn 14 ní Japan, tó ní ìlà iṣẹ́ 28, dúró pátá. Kò sí olè, kò sí fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà tó ń béèrè fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣe ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ni àyè inú rẹ̀ bá kún. Àrọ́pò wà o, ṣùgbọ́n orí ètò kan náà ló wà, nítorí náà àìsàn kan náà ló mú un. Toyota kì í kó ẹ̀yà ọkọ̀ jọ pelemọ. Ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ ló ń dé. Róbọ́ọ̀tì wà láàyè, wọn ò kàn ní nǹkan tí wọ́n máa tò ni. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tó padà, lẹ́yìn tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí àyè rẹ̀ tóbi jù.

Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ NEPA, ṣé ó lè ra jẹnẹrétọ̀ tó jẹ́ pé iná NEPA ló máa fi ṣiṣẹ́? Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn jàre.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ni láti mọ ìpinnu tó yẹ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àti èyí tó lè lọ sí òkèèrè. Ti apá róbọ́ọ̀tì kò le rárá, gbogbo wa la gbà pé nítòsí ló yẹ kó wà. Ètò tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀yà ọkọ̀ ló ń fún mi ní wàhálà, torí kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ẹ̀rọ.