Ta Ní Ń Pín Máàkì Báyọ́lọ́jì? Láti Ayé Cambridge Dé Ayé WAEC

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìdánwò àṣekágbá lé lórí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, Báyọ́lọ́jì ni ó súnmọ́ oko àti ilé jù. Ewé, kòkòrò, ẹja, ẹ̀jẹ̀ àti ara ènìyàn ni ó dá lé lórí. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí abúlé ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Síbẹ̀, máàkì ń jò lọ́wọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò yìí bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bi í bóyá ó mọ ọ̀pọ̀lọ́. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ó lè yà á, kí ó kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìṣi lẹ́tà kan, kí ó sì fi rúlà fa ìlà tí kò gbọdọ̀ gun orí ìlà mìíràn. Àwọn òfin wọ̀nyí ní ìtàn, wọ́n sì ní ẹni tí ó gbé wọn kalẹ̀.

Kí WAEC tó dé, Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí King's College ní Èkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1909, àti Government College ní Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929. Òkè òkun ni ìbéèrè ti ń wá, òkè òkun náà ni ìdáhùn ń padà sí. Ẹni tí yóò fún ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ìlọrin ní máàkì lè má tíì rí igi ìrókò rí láyé rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ìgbà náà, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní ìwé mẹ́wàá, kì í ṣe ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Odidi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti yege nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀, wọ́n á sì fi àròpọ̀ èsì rẹ̀ sọ ọ́ di onípò kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta. Ẹni tí kò bá dé ojú ìwọ̀n náà, bí ó tilẹ̀ mọ Báyọ́lọ́jì bí ẹní mowó, ilé ni ó ń padà sí láìní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ní ìparí 1949 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọ̀mọ̀wé kan, George Barker Jeffery, wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wò ó bóyá ilẹ̀ yìí lè dá àjọ aṣèdánwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìròyìn tí ó kọ ní 1950 ni ó bí WAEC ní 1952, pẹ̀lú olú-iléeṣẹ́ ní Accra. Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Ghana, Sierra Leone àti Gáńbíà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. Àjọ náà di ti ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn akẹ́kọ̀ọ́ kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ìpele mẹ́sàn-án ti Cambridge ni wọ́n ń lò lọ. Àwọn tí ó jáde ní ọdún 1970 sí 1980 kò tíì gbàgbé P7 àti P8, máàkì tí ó ní ọmọ yege ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn yunifásítì kì í ṣí fún.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yí padà ni ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kó ara wọn jọ ní 1957 láti dá ẹgbẹ́ STAN sílẹ̀, àwọn yunifásítì sì dá sí i. CESAC bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1968, lára iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ètò tuntun fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èrò wọn ni pé kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó wà láyìíká rẹ̀, kí ó má kàn há ọ̀rọ̀ olùkọ́ sórí. Ìwé tí Stone àti Cozens kọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé Ramalingam gba ipò, débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi orúkọ òǹkọ̀wé náà pe ìwé rẹ̀.

Àyípadà tí ó tóbi jù wá láti inú ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó ní 1969. Ibẹ̀ ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ti ṣẹ̀ wá, òun ni ó sì bí ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò náà jókòó ṣe ìdánwò SSCE ní 1988, ohun méjì ti yàtọ̀. Èkíní, ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe odidi mọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá dúró, láti A1 dé F9. Èkejì, olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ní ipa láti kó nínú máàkì rẹ̀. Èyí ni wọ́n pè ní continuous assessment, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CA. Ìdánwò àárín sáà, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé práátíkà tí ọmọ ya àwòrán sí, gbogbo rẹ̀ ni olùkọ́ yóò kà pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, 30 tàbí 40 nínú 100 ni ó ń gbà, ìdánwò ìparí sáà á sì gba ìyókù.

Ó dára lójú ìwé. Ìdí tí wọ́n fi gbé e wá ni pé kò yẹ kí ibà ọjọ́ kan ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ọmọ ọgọ́rin wà ní kíláàsì rẹ̀, tí ó sì ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin, báwo ni yóò ṣe yẹ ìwé wọn wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Àwọn kan ṣe é tọkàntọkàn. Àwọn mìíràn dúró di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi máàkì ránṣẹ́, wọ́n sì jókòó kọ ọ́ láti orí. Kò sì sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ kéré sí ti aládùúgbò. Báyìí ni máàkì ṣe ń wú bí àkàrà inú epo, títí WAEC fi ní láti máa fi èsì ìdánwò gan-an wọn máàkì tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, kí ó tó gbà á wọlé.

Ètò náà tún kó èrò sí inú kíláàsì Báyọ́lọ́jì. Ìlànà ìjọba sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán sáyẹ́ǹsì kan. Ọmọ tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò tàbí akọ̀wé-ìròyìn kò ní ìfẹ́ Físíìsì, ẹ̀rù Kẹ́mísírì sì ń bà á. Báyọ́lọ́jì ni ó sá sí. Èyí ni ó mú kí iye àwọn tí ń ṣe é ju ti Físíìsì àti Kẹ́mísírì lọ, tí yàrá àyẹ̀wò àti maikirosíkópù kò sì pọ̀ tó wọn.

Bí WAEC ṣe pín máàkì rẹ̀ nìyí lónìí: ìbéèrè 50 tí ènìyàn yóò mú ìdáhùn nínú wọn, máàkì 50, àròkọ, máàkì 70, práátíkà, máàkì 80. Àpapọ̀ jẹ́ 200. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wò ó yóò rí i pé práátíkà nìkan kó ìdá méjì nínú márùn-ún. Wákàtí méjì ni ọmọ ní, òun àti àwọn ohun tí wọ́n kó sí iwájú rẹ̀: ó lè jẹ́ epìyà, aáyán, ọ̀kùn, hóró àgbàdo tí ó ti hù, tàbí òdòdó tí wọ́n là sí méjì.

Àwòrán ni ó máa ń fọ́ orí igbá níbẹ̀. Pẹ́ńsù nìkan ni kí wọ́n fi yà á. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ gbọ̀n, wọn kò sì gbọdọ̀ kùn ún. Ó gbọ́dọ̀ ní àkọlé, kí ọmọ sì sọ ìlọ́po tí àwòrán fi tóbi ju ohun náà lọ. Òkọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Ọdọọdún ni ìròyìn àwọn olórí aṣàmì ń ráhùn lórí ohun kan náà: àwòrán tí kò ní àkọlé, ìlà tí ó gun ara wọn, àti orúkọ ẹ̀yà ara tí wọ́n kọ ní àṣìkọ. Bí ọmọ bá ṣi orúkọ náà kọ, máàkì ti lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ó yẹ gan-an ni ó tọ́ka sí. Orúkọ Látìn ti ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀: lẹ́tà ńlá ni yóò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kìíní, lẹ́tà kékeré ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìkejì, wọ́n á sì fa ìlà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìran akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ni ó há Bufo regularis sórí fún ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn onímọ̀ ti yí orúkọ náà padà sí Sclerophrys regularis báyìí. Máàkì tí àwọn tó ṣi ti àkọ́kọ́ kọ pàdánù kò padà sí ọwọ́ wọn.

Práátíkà náà ni ó tún ń tú àṣírí ìdánwò. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò pèsè ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, nítorí náà ìwé ìtọ́sọ́nà ń dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń wá aáyán àádọ́ta ní ìkọ̀kọ̀? Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra ẹja ti mọ̀ pé ẹja ni. Èyí kéré sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1977, nígbà tí ìwé ìdánwò WAEC jò káàkiri, tí ọ̀rọ̀ náà "expo" sì wọ ẹnu gbogbo ìlú. Ní 1984 ìjọba ológun ṣe òfin kan, Decree 20, tí ó ní kí ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Òfin ti 1999 dín in kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ àṣìkọ yẹn ni ó gún àwọn kan lọ́kàn jù. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yìí kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí ní Ifẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ tí ó bá kọ "kíndìnrín" sí ìdí ìlà rẹ̀ nínú ìdánwò Báyọ́lọ́jì, òdo ni yóò gbà.

Ní 2014, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ètò ẹ̀kọ́ tuntun ìgbà náà ṣe ìdánwò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí ìlú àti iṣẹ́ ọwọ́ kan ni ó di dandan fún gbogbo ọmọ. Báyọ́lọ́jì kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì láìní krẹ́díìtì nínú rẹ̀. Ní 2024, WAEC bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé. Mímú ìdáhùn lójú kọ̀ǹpútà kò ṣòro. Àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ ni kò tíì rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀rọ náà, nítorí náà òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ṣe práátíkà ṣì ní láti ra pẹ́ńsù méjì, rúlà àti ìpàwérẹ́.