Ogun Tápà, Ìkànìyàn àti Ìfojúdíwọ̀n Iye Ènìyàn ní Ilẹ̀ Kábà

Àwọn tí ń ṣírò iye ènìyàn tí yóò wà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ iwájú a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí a ti kà tẹ́lẹ̀, wọn a sì máa fi èyí tí ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún kún un. Ìtàn ilẹ̀ Okun, èyíinì ni Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, fi hàn pé iye àkọ́kà yẹn gan-an ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ológun Tápà láti Bídà kó ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ yìí léraléra. Ènìyàn tún wà lára ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ìlú ń san. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú náà ni a tẹ̀ dó sí abà oko ní ilẹ̀ Tápà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ́kù sì sá gun orí òkè. Ní oṣù January 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kábà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba Bídà. Ilẹ̀ tí a ti kó ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ ni ìjọba amúnisìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí àbùlé rẹ̀ bá ṣófo, kì í ṣe àìbímọ ni ó fà á.

Kíkà náà kò rọrùn. Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Níbi tí a sì ti fi ènìyàn san ìṣákọ́lẹ̀ rí, kíkà kò jìnnà sí kíkó. Jákèjádò Nàìjíríà, ìbẹ̀rù owó-orí mú kí àwọn kan sá pamọ́ fún ìkànìyàn 1952 sí 1953, tí ó rí nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ti 1963 kéde mílíọ̀nù 55.7. Bí iye méjèèjì bá tọ̀nà, ènìyàn ti ní láti máa fi ohun tí ó ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún, èyí tí ìbímọ nìkan kò lè ṣe. Ti 1973 ni ìjọba fagi lé ní 1975. Nígbà tí 1991 fi mílíọ̀nù 89 hàn, ìdàgbàsókè ọdọọdún láti 1963 kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí a bá bá ènìyàn ni a ti kà á ní 1991 àti 2006. Ọmọ Okun tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Kàdúná di ti ibẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn, bí ó tilẹ̀ ń kọ́lé sí Kábà. Láti 2006 ni a kò tíì ka ènìyàn mọ́; ìkànìyàn tí a fẹ́ ṣe ní 2023 ni a sún síwájú. Ní 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú díwọ̀n nǹkan bí mílíọ̀nù 410 fún Nàìjíríà ní 2050. Ní 2024, wọ́n dín in kù sí nǹkan bí 359.

Iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó ìjọba, tí a sì fi ń pète ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn. Nítorí náà, ìfojúdíwọ̀n èyíkéyìí fún ilẹ̀ Kábà gbọ́dọ̀ ka àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí ó fẹsẹ̀ ara wọn lọ mọ́ ìbímọ àti ikú. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe àná ni a óò máa sọ di púpọ̀ fún ọ̀la.