ỌPỌ́N KAN, Ọ̀TA PÚPỌ̀: SÁÀ ERÉ ÌJE PROCAR NÍ ỌDÚN 1979



Nínú eré ayò ọlọ́pọ́n, ihò méjìlá ni ó wà: mẹ́fà fún ẹnì kìíní, mẹ́fà fún ẹnì kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ fi ẹyọ kan lé ti ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀ta bá pa ọ̀pẹ, ọ̀pẹ kò lè sọ pé ọpọ́n ni ó jẹ̀bi. Ọgbọ́n orí àti ojú inú ni ó mú ọ̀ta borí.

Eré ìje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí ó lókìkí jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Formula 1, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ ẹnì kan lè yá ju ti ẹnì kejì lọ. Ti ẹnì kẹta lè máa bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí awakọ̀ kan bá wá gba ipò kìíní, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀: ṣé awakọ̀ ni ó mọ ọkọ̀ ọ́ wà, tàbí ọkọ̀ rẹ̀ ni ó dára? Ní ọdún 1979, ní ilẹ̀ Yúróòpù, a gbé ìdíje kan kalẹ̀ tí ó dà bí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. A fún àwọn awakọ̀ tí ó lókìkí ní irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, a ní kí wọ́n bọ́ sí pápá. Procar ni orúkọ ìdíje náà. Ìtàn sáà kan ṣoṣo yẹn, àti ohun tí ó lè kọ́ àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa díwọ̀n ọgbọ́n ọmọ ènìyàn, ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Ìdààmú ni ó bí ìdíje náà

A lè rò pé ńṣe ni àwọn tí ó dá Procar sílẹ̀ jókòó, tí wọ́n ronú jinlẹ̀ nípa òdodo, tí wọ́n sì ṣètò eré tí kò ní ojúsàájú nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdààmú ni ó bí i.

Ilé-iṣẹ́ BMW ti ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì ń wá ọkọ̀ tí yóò lè bá ti Porsche figa gbága nínú eré ìje. Olórí ẹ̀ka eré ìje ní BMW nígbà náà ni Jochen Neerpasch, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ awakọ̀ eré ìje rí. Wọ́n pinnu láti ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní M1. Giorgetto Giugiaro, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó ya àwòrán ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lamborghini, tí ó wà ní Ítálì bákan náà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtiṣe rẹ̀ fún.

Òfin eré ìje ìgbà náà sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ wọ ìsọ̀rí tí a ń pè ní Group 4 gbọ́dọ̀ ṣe 400 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ Lamborghini. Ní ọdún 1978, BMW gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì pín in fún ọ̀pọ̀ ọwọ́: àwọn kan ń ṣe egungun ọkọ̀ ní Modena, àwọn mìíràn ń ṣe ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Baur ní Stuttgart ni ó sì ń parí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn kì í tètè parí. Ọkọ̀ 400 kò lè pé bọ̀rọ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó sì ti wà nílẹ̀ kò rí ìdíje wọ̀.

Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn a ṣe é padà sí. Neerpasch kò padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni ó yà sí. Bí àwọn ìdíje tí ó wà nílẹ̀ kò bá gba M1, a jẹ́ pé M1 yóò ní ìdíje tirẹ̀ nìyẹn. Ó bá Bernie Ecclestone àti Max Mosley sọ̀rọ̀, àwọn méjì tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Formula 1. Àdéhùn wọn ni pé ibi tí Formula 1 bá ti fẹ́ sáré ní Yúróòpù ni Procar náà yóò ti máa wáyé, kí ọjọ́ eré ńlá gan-an tó pé.

Bí a ṣe ṣètò eré náà

Irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó ní sílíńdà mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ lítà mẹ́ta àtààbọ̀. M1 tí a ń tà fún ará ìlú ní agbára ẹṣin 277. Èyí tí a tún ṣe fún eré ìje tó nǹkan bí 470. Ó lè sá ju kìlómítà 300 lọ láàárín wákàtí kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn awakọ̀ Formula 1 a máa dán ọkọ̀ wọn wò lórí pápá. Àwọn márùn-ún tí eré wọn bá yá jù lọ nínú àwọn tí ó lè kópa ni a óò fún ní ọkọ̀ M1 márùn-ún tí BMW tọ́jú fúnra rẹ̀, àwọn náà ni yóò sì dúró níwájú nígbà tí Procar bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn awakọ̀ tí ó kù yóò tò sí, àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn ń tọ́jú ọkọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 20, ìkejì gba 15, ìkẹta gba 12, ìkẹrin gba 10. Báyìí ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ẹnì kẹwàá tí yóò gba ẹyọ kan. Ẹ̀bùn ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ní òpin sáà ni ọkọ̀ M1 kan.

Eré mẹ́jọ

Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n sáré fún máàkì ní ọdún náà. Ní Zolder, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, nínú oṣù karùn-ún, Elio de Angelis ni ó borí, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 láti Ítálì, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Formula 1 ní ọdún náà gan-an. Niki Lauda, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà, borí ní Mọ́nákò. Nelson Piquet, ọmọ ilẹ̀ Bùràsílì, borí ní Dijon ní ilẹ̀ Faransé. Lauda tún borí ní Silverstone ní Ìlú Ọba, ó sì borí ní Hockenheim ní Jámánì. Ní ilé Lauda gan-an, ní Ọ́stríà, Jacques Laffite ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbégbá orókè. Hans-Joachim Stuck, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ pàápàá jẹ́ olókìkí awakọ̀ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀, ni ó gba méjì tí ó kẹ́yìn, ní Zandvoort àti ní Monza.

Nígbà tí a ka máàkì, Lauda ní 78, Stuck ní 73, Clay Regazzoni ti ilẹ̀ Suwísáláńdì sì ní 61. Máàkì márùn-ún péré ni ó ya Lauda sọ́tọ̀ kúrò lára Stuck. Ẹ rántí pé márùn-ún náà ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ipò kìíní àti ìkejì nínú eré ẹyọ kan. Bí ó ti súnmọ́ ara wọn tó nìyẹn.

Ọ̀ràn Niki Lauda

Kí a tó lè mọ ìwọ̀n ohun tí máàkì 78 yìí jẹ́, ó yẹ kí a mọ ipò tí Lauda wà. Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Formula 1 ní ọdún 1975. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1976, ọkọ̀ rẹ̀ gbiná ní Nürburgring. Iná bó ojú àti orí rẹ̀, èéfín wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà fi wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó wà nínú ọkọ̀ ní Monza, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ní ọdún 1977, ó tún gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, nǹkan kò ṣe déédéé fún un. Ẹgbẹ́ Brabham ni ó wà. Nínú eré Formula 1 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, tí ó jẹ́ 13, méjì péré ni ó sá dé òpin. Ẹni tí ó bá wo àkọsílẹ̀ yìí nìkan lè sọ pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá, pé iná ti gba nǹkan lára rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lauda borí nínú Procar ní Mọ́nákò. Nínú eré Formula 1 tí ó tẹ̀ lé e níbẹ̀, kò sá dé òpin. Ó borí ní Silverstone. Nínú ti Formula 1, kò sá dé òpin. Ó borí ní Hockenheim. Bákan náà ni ọmọ ṣorí. Pápá kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó di ìdarí ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ṣé ọpọ́n náà dọ́gba lóòótọ́?

Òpìtàn tí ó bá dúró síbí yìí kò tíì ṣe iṣẹ́ tán. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá Procar kò ní àbùkù tirẹ̀. Mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, kì í ṣe gbogbo ọ̀ta ni ó jókòó ti ọpọ́n. Táyà Goodyear ni Procar ń lò. Michelin ni Ferrari àti Renault bá ní àdéhùn. Nítorí náà, àwọn awakọ̀ wọn kò kópa. Jody Scheckter ti Ferrari, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1979 náà, kò sí níbẹ̀. Ní Dijon, níbi tí Piquet ti gba ti Procar, Gilles Villeneuve ti Ferrari àti René Arnoux ti Renault ni wọ́n fi ọkọ̀ gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbá ara wọn nínú eré Formula 1, tí ayé kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Àwọn méjèèjì kò sí nínú Procar.

Èkejì, ẹ wo bí a ṣe ń yan àwọn márùn-ún tí ó ń dúró níwájú. Eré tí wọ́n sá nínú ọkọ̀ Formula 1 ni a fi ń yàn wọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ Formula 1 rẹ̀ bá dára ni yóò yára ní ọjọ́ Ẹtì; òun náà ni a ó tún fún ní àyè iwájú. Àìdọ́gba tí a lé jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú, ojú fèrèsé ni ó tún gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà kí ìtọ́jú rẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan náà. BMW ń tọ́jú tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Project Four ti Ron Dennis ní Ìlú Ọba, tí Lauda wà fún, ń tọ́jú tirẹ̀. Osella ní Ítálì náà ń tọ́jú tirẹ̀. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ọwọ́ àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe náà kò sì dọ́gba.

Kí ni Procar fi hàn, nígbà náà? Èrò tèmi ni pé kò lè sọ ẹni tí ó mọ ọkọ̀ ọ́ wà jù lọ lágbàáyé fún wa. Àbùkù rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun mìíràn tí kò kéré: ó fi hàn pé ohun tí ń dá Lauda dúró nínú Formula 1 kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọpọ́n tí kò dọ́gba pátápátá lè ṣàìmọ ọ̀ta tí ó ga jù, síbẹ̀ kí ó wẹ ẹni tí a ń pè ní ọ̀pẹ mọ́.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1979 kan náà, ní Montreal, Lauda fi Formula 1 sílẹ̀ láàárín ìdánrawò, ó gba ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ lọ. Piquet ni ó gba Procar ti ọdún 1980, ìdíje náà sì parí síbẹ̀. BMW kọjú sí ṣíṣe ẹ́ńjìnnì fún Formula 1, òun náà ni Piquet sì fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1983. Ní ti Project Four, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ McLaren ní ọdún 1980. Nígbà tí Lauda padà sínú Formula 1 ní ọdún 1982, ọ̀dọ̀ Ron Dennis ní McLaren ni ó padà sí. Ní ọdún 1984, ó gba ife-ẹ̀yẹ kẹta, ó fi ìdajì máàkì lé Alain Prost. Ó kú ní ọdún 2019.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la, ìwé ìdánwò kan náà ni a ń gbé síwájú gbogbo ọmọ, a sì ń rò pé ọpọ́n ti dọ́gba. A kì í béèrè ẹni tí kò rí àyè wọlé, ẹni tí a ti fún ní àyè iwájú kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àti ọwọ́ tí ó tọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. A kò lè ṣe kí a má ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ "olódo" sí iwájú orúkọ ọmọ tí kò sá dé òpin nínú eré 11, ó tọ́ kí a gbé e bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn ná, kí a wò ó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ìjíròrò wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.