Ta Ló Ni Orin "Sade"?

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, mo wà ní ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn nígbà tí rédíò kéde pé Liam Payne ti kú ní Buenos Aires, ní orílẹ̀-èdè Argentina. Ọ̀kan ni nínú àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tó dá ẹgbẹ́ akọrin One Direction sílẹ̀. Wọ́n wá gbé orin wọn kan sí i, "Story of My Life". Mo fò sókè. Mo ní, "Ẹ gbọ́, àwọn òyìnbó yìí ti jí orin Adekunle Gold!" Gbogbo àwọn tó wà nídìí òfì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní ni wọ́n ń pè mí ní lọ́yà Adekunle.

Òdìkejì ohun tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin náà jọ níbi ìdíje The X Factor ní Lọ́ńdọ́nù. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ òkìkí wọn kàn ju ti ẹni tó ṣe ipò kìíní lọ. Ní 2013 ni "Story of My Life" jáde. Àwọn fúnra wọn wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ní ìparí 2014, Adekunle Kosoko, ọmọ Èkó kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àwòrán, mú ohùn orin náà, ó fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sí i, ó sì sọ ọ́ ní "Sade". Olamide gbà á sínú YBNL ní 2015, orin náà sì wọ inú àwo rẹ̀, Gold, ní 2016. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ta ni ìbá sọ fún mi pé "Sade" ní ìyá níbòmíràn?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mi ò fura. Ohùn orin òyìnbó kì í sábà gba ọ̀rọ̀ Yorùbá dáadáa. Ẹ tẹ́tí sí àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí a túmọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ohùn á yí padà, ọ̀rọ̀ á sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu ẹni. Ti "Sade" kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa kan kò jẹ́ kí a kọ ọ́ níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Ó ní orin olè ni. Inú bí mi, mo sì lọ rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí Shakomo jáde, ibo lẹ wà?"

Mo lọ wá a. Orin The Remedies ni, ìyẹn Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila àti Eddy Montana, nǹkan bí ọdún 1998. Orí ìlù MC Lyte, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ ọ́, èyí tó wà nínú "Keep On, Keepin' On" ti 1996. MC Lyte náà sì ti mú tirẹ̀ láti inú "Liberian Girl" ti Michael Jackson, tó jáde nínú àwo Bad ní 1987. Ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn, ohùn Letta Mbulu, obìnrin ọmọ South Africa, la ó kọ́kọ́ gbọ́, tó ń sọ èdè Swahili. Orin nípa ọmọge Làìbéríà lọ sí ọ̀dọ̀ MC Lyte, ó sì padà dé Èkó!

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òwú àlàárì pupa tí àwọn bàbá ńlá wa fi ń hun aṣọ ọlọ́lá, òkè òkun ló ti wá: ràkúnmí ló gbé e láti Tripoli la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kó tó gba ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. "Ta ló pe àlàárì ní aṣọ àjèjì?"

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, wọ́n sanwó òwú."

Wọn ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mi ò gbà pé olè ni Adekunle, nítorí ọ̀rọ̀ inú "Sade" kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mìíràn, kò sì pẹ́ tó fi kọ "Orente". Àmọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó dárúkọ One Direction fún mi rí, olóhùn gan-an ni mo pè ní olè, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kéde ikú ọ̀kan nínú wọn.

Bàbá wá ní kí n fi fóònù gbé gbogbo wọn, láti orí ti Michael Jackson. Nígbà tí ohùn obìnrin yẹn dún, ọwọ́ wọn dúró lórí òfì. Wọ́n ní, "Tún un gbé."