Kòkó, Igbó àti Èbúté Àpápá

Nígbà tí èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, kòkó wà lára ẹrù tó ń gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Àdúgbò Ajégúnlẹ̀, ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí, dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté náà. Ṣùgbọ́n igbó ni wọ́n ṣán kí kòkó tó hù.

Nínú igbó, ewé àti gbòǹgbò tó ń jẹrà ló ń fi kábọ́ọ̀nù pamọ́ sínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ fi ń di ilẹ̀dú. Bí wọ́n bá sungbó, tí oòrùn sì ń pa ilẹ̀, kòkòrò àìfojúrí a tètè jẹ ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà náà tán, kábọ́ọ̀nù a bá afẹ́fẹ́ lọ. Oko kòkó abẹ́ igi ńlá ṣì sàn. Ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀. Oko àgbàdo ọdọọdún ń pa ilẹ̀ lára jù ú lọ. Ní Ìbàdàn, ìwádìí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, fi hàn pé fífi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ láìtú u ń dín àdánù kábọ́ọ̀nù náà kù.